Bibingka Tí A Ṣe fún Ìyá Ate Luring

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní December tó kọjá. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fóònù báyìí, màá kàn tún gbé e sílẹ̀. Lónìí, mo ní n kọ ọ́ bó ṣe wà. Ẹ má retí pé ẹ ó rẹ́rìn-ín parí ẹ̀ o.

Àwa méjì la jọ ń gbé nínú basement kan ní Meadowvale, ní Mississauga níbí. Èmi ni ẹnì kan. Ẹnì kejì ni obìnrin ará Philippines kan tó ń jẹ́ Luring. Ate Luring ni mo máa ń pè wọ́n. "Ate" yẹn, bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni lọ́dọ̀ tiwọn. Wọ́n fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ. Ṣé ẹ rò pé màá wá máa pe orúkọ wọn gbàgà? Ọmọ Ìbàdàn ni mí, wọ́n kọ́ mi nílé!

Àwọn náà kò kúkú lè pe tèmi. Fúnkẹ́ ni mo ń jẹ́, àmọ́ F kì í rọrùn lẹ́nu wọn. "Punke" ni wọ́n ń pè mí. Mo tún un ṣe fún wọn títí, ó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Èmi ń to ẹrù ní warehouse kan ní Milton. Ate ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn ló ń wẹ̀ fún wọn, àwọn ló ń fún wọn lóúnjẹ, àwọn ló ń bá wọn pààrọ̀ aṣọ. Púpọ̀ nínú àwọn arúgbó yẹn, iyè wọn ti ra. Ate á ti shift dé, wọ́n á sọ fún mi pé bàbá kan pe àwọn ní ìyàwó òun lónìí, pé ìyá kan sì pariwo lé àwọn lórí pé olè ni àwọn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Iṣẹ́ ni wọ́n ka gbogbo ẹ̀ sí.

Àfi ìgbà tí iyè rírà yẹn wọ inú ilé tiwọn.

Ìyá Ate wà ní ìlú kékeré kan létí òkun lọ́hùn-ún. Bibingka ni màmá yẹn fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, kéèkì ìbílẹ̀ tiwọn ni, àmọ́ kì í ṣe fláwà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìrẹsì ni! Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó mọ́ wàrà àgbọn, ẹyin àti ṣúgà. Wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀, wọ́n á da gbogbo ẹ̀ sí i. Wọ́n á wá kó ẹyin iná sábẹ́ ìkòkò, wọ́n á dé e, wọ́n á tún kó ẹyin iná sórí ìdérí. Iná nísàlẹ̀, iná lókè! Ṣé ẹ ti rí irú ẹ̀ rí?

Tó bá ti di December, tí àwọn èèyàn wọn bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní ìdájí fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú Kérésì, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ni màmá máa ń gbé ìkòkò kalẹ̀ sí. Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Ate ti ń bá wọn fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná yẹn.

Ọdún kọkànlá rèé tí wọ́n ti rí ìyá wọn kẹ́yìn lójúkojú. Fóònù ni wọ́n fi ń ríra. Jing, ọmọ àbúrò Ate, ló ń gbé pẹ̀lú màmá, òun ló sì máa ń bá wọn di fóònù mú. Ìrọ̀lẹ́ Saturday tiwa ni, àárọ̀ Sunday tiwọn, torí àárọ̀ ni iyè màmá máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀.

Ní bíi September, mo ń ro ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ate ń bá wọn sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí Ate rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gùn jù. Nígbà tí wọ́n parí, mo bi wọ́n pé kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní màmá yíjú sí Jing, wọ́n ní, "Ta ni obìnrin yìí? Kí ló ń wá?"

Mo ní bóyá fóònù ni kò mọ́lẹ̀ dáadáa. Ate ní bóyá ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà. Nígbà tó fi máa di November, tí wọ́n bá ti parí ìpè, Ate á kàn jókòó síbẹ̀, fóònù á ti kú lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní mọ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí wọn ò wọ bàálù lọ sílé? Èmi náà bi wọ́n! Ìwé àṣẹ iṣẹ́ wọn ti tán, wọ́n ti kọ̀wé fún òmíràn, ìjọba ò tíì dá wọn lóhùn, àyè kàn wà fún wọn láti máa ṣiṣẹ́ títí èsì á fi dé. Lọ́yà kan sọ fún wọn pé tí wọ́n bá jáde báyìí, ó ṣeé ṣe kó máà sí àbọ̀ mọ́. Ọmọ wọn méjì sì wà ní yunifásítì nílé, àwọn ọmọ yẹn ò ní ẹlòmíì. Èmi tí mò ń bi wọ́n gan-an, ọdún kẹfà mi rèé tí mo ti fojú kan ìyá tèmi kẹ́yìn. Kí ni mo tún fẹ́ wí?

Bí ìyọnu ò ṣe ń dá nìkan rìn, Ate tún lọ yọ̀ lórí yìnyín ní bus stop. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ṣẹ́. Wọ́n dì í ní POP látorí ìka dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa sinmi nílé. Ọmọlúwàbí èèyàn tí kì í jókòó sójú kan! Wọ́n wá ń wo ògiri láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n ń ronú ìyá wọn.

Ibi ìrònú yẹn ni bibingka ti wá.

Mo dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, mi ò tíì bọ́ kóòtù, Ate ní, "Punke, mo nílò ọwọ́ ẹ."

Mo rò pé wọ́n fẹ́ wẹ̀ ni. Rárá o. Wọ́n ní ìyá kan wà níbi iṣẹ́ àwọn, kò mọ àwọn ọmọ ẹ̀ mọ́, kò mọ orúkọ ara ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá gbé sọ́ọ̀pù kan báyìí síwájú ẹ̀, á sọ ẹni tó kọ́kọ́ sè é fún un, á sọ àwọ̀ àwo tó fi jẹ ẹ́ nígbà èwe. Wọ́n ní oúnjẹ máa ń pẹ́ lọ́kàn ju èèyàn lọ. Wọ́n ní tí màmá bá rí bibingka, wọ́n á rántí iná. Tí wọ́n bá ti rántí iná, ǹjẹ́ wọn ò ní rántí ẹni tó ń fẹ́ ẹ?

Ẹ gbọ́, mo gbà á. Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo gbà á pátápátá, bí ẹni pé dókítà ló kọ ọ́ fún wa.

Bí mo ṣe di ọwọ́ ọ̀tún Ate Luring nìyẹn.

Àkọ́kọ́, mo da gbogbo ẹ̀ rú. Wọ́n ní kí n ra ìyẹ̀fun ìrẹsì, mo sì lọ ra èyí tó máa ń fà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé oríṣi méjì ló wà? Páálí méjèèjì jọra! Nígbà tó jáde nínú oven, ẹ̀yin ará, ṣíbí wọ inú ẹ̀, kò jáde mọ́. Bíi lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń lẹ pósítà ìdìbò mọ́ ògiri. Ate wò ó, wọ́n wò mí, a bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín ṣì wà nílẹ̀.

Ate ní àwọn ò tiẹ̀ fẹ́ ìyẹ̀fun inú páálí mọ́. Wọ́n ní ìyá àwọn kì í lo ìyẹ̀fun, ìrẹsì ni wọ́n ń rẹ. Mo ní kò burú, ṣé èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ nǹkan ni? Ọmọ ẹni tó ń ta mọ́ínmọ́ín ni mí! Mo rẹ ìrẹsì ní alẹ́ Thursday, mo lọ̀ ọ́ nínú blender lọ́jọ́ kejì. Blender kékeré, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń nà. Mo lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kúnná. Ate jókòó tì mí, wọ́n á ki ìka òsì bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ra àtàǹpàkò, wọ́n á ní, "Kò tíì tó. Ìyá mi á dà á nù."

Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Inú fírísà ni wọ́n ti ń tà á níbí, ó ti gan bíi pákó. Ate kọ́ mi pé kí n fi rọra gba orí iná kó lè rọ̀. Bí ooru ṣe kàn án, ó yí padà sí àwọ̀ ewé tútù, ó ń dán, òórùn ẹ̀ sì jáde. Ọkàn mi kàn lọ sílé tààrà. Mo ń gbọ́ ìyá mi tó ń pariwo pé ta ló fa ewé òun ya.

Àmọ́ oven ò ní ẹyin iná lókè bíi ti màmá. Ate ní ká tan broiler, iná òkè inú oven, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ojú ẹ̀ lè pọ́n. Mo tàn án. Mo yíjú láti fọ abọ́. Etí ewé gbiná! Èéfín gba gbogbo basement, alarm bẹ̀rẹ̀ sí í ké, mo ń fi táwẹ́lì lé èéfín, Ate ń fi ọwọ́ kan ṣí fèrèsé, ìyàwó onílé ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá, ó ń bi wá ṣé a fẹ́ pa àwọn ni. A bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́. Bibingka ti dúdú bíi ìdí ìkòkò.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bi Ate bóyá ká fi sílẹ̀. Wọ́n kàn na POP sí mi pé kí n wò ó. Jing ti fi fọ́tò ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti lẹ orúkọ mọ́ fọ́tò gbogbo ọmọ màmá lára ògiri, kí màmá lè máa rí wọn. Ó ya fọ́tò ògiri yẹn, ó fi ránṣẹ́. Ate ti kọ orúkọ ara wọn tẹ̀ lé e sára POP, LURING, gàdàgbà, kí màmá lè rí i tí wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè.

Mi ò tún sọ̀rọ̀ ká fi sílẹ̀ mọ́.

Mo gba ìsinmi ọjọ́ Saturday yẹn níbi iṣẹ́. Lówùúrọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sínú Toronto, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wọn lójú ọ̀nà Bathurst, torí Ate ní kò lè pé láìsí ẹyin pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n fi iyọ̀ rẹ. Ẹ̀fúùfù ọjọ́ yẹn, orí ń fọ́ mi! Ìyá tó ń tajà níbẹ̀ bi mí pé ta ló fẹ́ jẹ bibingka. Mo ní ìyá ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó tún ojú mi wò, ó rí i pé mi ò jọ èèyàn wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ewé kan lé e fún mi.

Bí mo ṣe ń lọ ìrẹsì tí mo ti rẹ mọ́jú, Ate ní kí n dúró ná. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ bá àwọn pa irun láró. Irun wọn ti funfun gan-an láti ọdún mélòó kan. Wọ́n ní irun dúdú ni ìyá àwọn mọ̀ mọ́ àwọn lórí. Mo bá wọn pa á ní bathroom, mo ṣan án, mo yà á sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe wà nínú fọ́tò ara ògiri yẹn. Mo bá wọn wọ aṣọ pupa kan. Wọ́n ń wo ara wọn nínú dígí, wọ́n ń yí ọrùn síbí sọ́hùn-ún. Ẹ wò ó, bí ẹni tó fẹ́ lọ pàdé ọkọ!

Bibingka ọjọ́ yẹn dára. Kí n má tàn yín, ó dára! Ó wú, ó rọ̀, ojú ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, etí ewé jó díẹ̀ bó ṣe yẹ kó jó. A to ẹyin pẹ́pẹ́yẹ àti cheese sójú ẹ̀, mo fi bọ́tà pa á, mo wọ́n àgbọn rírin sí i. Ate gbóòórùn ẹ̀, wọ́n dijú. Wọ́n ní, "Òun nìyí. Òun gan-an nìyí."

A gbé fóònù tì mọ́ agolo ṣúgà lórí tábìlì. Aago méje ìrọ̀lẹ́. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ate, mò ń rí ojú fóònù dáadáa.

Jing ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà, màmá. Obìnrin kékeré, irun funfun báláú, oòrùn àárọ̀ ń ràn lé wọn léjìká. Wọ́n ń wo nǹkan míì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ate pè wọ́n. Wọn ò wojú. Ate gbé POP sókè, tí orúkọ wà lára ẹ̀. Wọn ò wojú.

Ate wá fi ọwọ́ òsì gbé àwo.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Màmá wojú àwo. Wọ́n sún mọ́ fóònù títí a ò fi rí nǹkan míì ju ojú wọn lọ. Ẹnu wọn ń mì. Wọ́n bá gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ó ń bọ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Wọ́n ń fẹ́ iná! Kò sí abẹ̀bẹ̀, kò sí iná, wọ́n ń fẹ́ iná!

Mo pariwo. Mo ní, "Wọ́n ti rántí! Ate, wọ́n ti rántí!" Mo fò sókè, orí mi fẹ́ẹ̀ gbá àjà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ọpẹ́, mò ń jó yí tábìlì po. Màmá ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ wàràwàrà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń na ìka sí bibingka. Jing náà ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbédè, àmọ́ ta ló nílò èdè? Mo ń rí ojú ìyá tó ń yọ̀!

Ate ń mi orí. "Opo," ni wọ́n ń wí. "Opo, opo." Èyí ni "bẹ́ẹ̀ ni mà" lọ́dọ̀ tiwọn, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí.

Ibi tí mo ti ń jó ni mo ti rí i pé Jing ti fọwọ́ bo ẹnu.

Mo dúró.

Màmá sọ gbólóhùn kan kẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ lé Ate bí ẹni tó ń sọ pé ó yá, máa lọ. Ate tún ní, "Opo." Wọ́n rẹ́rìn-ín sí ìyá wọn. Fóònù kú. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lójú wọn, ó kàn wà níbẹ̀ bí aṣọ tí ẹnì kan gbàgbé sórí okùn.

Mo bi wọ́n pé kí ni màmá wí.

Wọ́n rọra gbé àwo kalẹ̀ ná. Wọ́n ní màmá sọ pé bibingka náà dára, àmọ́ iná òkè kò tó. Wọ́n ní màmá bi àwọn pé, "Ta ló kọ́ ẹ?" Àwọn ní, "Nay, ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Èmi ni Luring." Màmá rẹ́rìn-ín. Màmá ní, "Luring? Luring mi ò tíì dàgbà tó ẹ. Luring wà ní Canada. Ó ń bọ̀ wálé ní Kérésì yìí, òun ló máa bá mi fẹ́ iná."

Mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n.

Mo ní, "Ate, kí lẹ wá sọ?"

Wọ́n ní àwọn tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé àwọn ni Luring. Ojú màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, ẹ̀rù ń bà wọ́n, àwọn sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn bá fi sílẹ̀. Wọ́n ní màmá wá bi àwọn pé, "Ṣé ìyá ẹ ṣì wà láyé?"

"Mo ní wọ́n wà," ni Ate wí.

"Kí ni wọ́n wá ní?"

Ate wo bibingka lórí tábìlì. "Wọ́n ní, 'Má jẹ́ kó tutù nígbà náà. Tètè gbé e lọ fún un.'"

Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fi ojú sí. Èmi tí mo ti ń jó! Èmi tí mo ti ń kọrin lé e lórí! Mo bẹ Ate pé kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí ni mo ṣe? Wọ́n ní kí n lọ pa oven. Mo lọ pa á. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti gé bibingka, wọ́n gbé èyí tó tóbi síwájú mi. Wọ́n ní kí n jẹ, pé láti àárọ̀ ni mo ti ń sáré kiri.

Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Bó ṣe dùn yẹn ló dùn mí jù.

Ate ò fẹnu kàn án. Wọn ò sunkún o, mi ò rí omijé kankan. Wọ́n kàn ń fi èékánná ha orúkọ ara POP yẹn, díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣì ń pè ní gbogbo Saturday. Wọn ò tún sọ pé àwọn ni Luring mọ́. Jing á ní ẹnì kan fẹ́ kí wọn, Ate á kí wọn, màmá á dáhùn bí èèyàn ṣe ń dá àlejò lóhùn. Kérésì kọjá. Jing sọ pé màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ ọjọ́ Kérésì, wọ́n ní ọmọ àwọn ń bọ̀ láti Canada, wọn ò sì gbà kí wọ́n mú àwọn wọlé jẹun. Kí ló dé tí Jing fi sọ ìyẹn fún Ate? Ọmọdé ni, kò mọ ohun tí wọ́n ń fi pa mọ́.

Ní February, màmá kú. Ojú oorun ni.

Ate pe lọ́yà. Lọ́yà tún ohun tó ti sọ sọ. Mo jókòó tì wọ́n níwájú fóònù láti wo ìsìnkú. Àbúrò wọn ọkùnrin ló ń di fóònù mú, ó ń sunkún, fóònù ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn àti koríko là ń rí jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí sọ kalẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì já. A tún un pè, kò wọlé. A tún un pè. Nígbà tó máa wọlé, àwọn èèyàn ti ń jẹun, ọmọdé kan sì ń juwọ́ sí wa.

Wọ́n ti gé POP kúrò. Ate ti padà síbi iṣẹ́, wọ́n ń wẹ ìyá oníyàá, wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ. Irun wọn ti ń funfun padà látìdí. Ìwé tí wọ́n ń retí, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì sí èsì.

Mo mọ̀ pé ẹ ń retí ẹ̀kọ́. Ohun tí mo lè sọ kò pọ̀. Ẹni tó bá ní ìwé lọ́wọ́ tó sì lè lọ sílé, kó lọ. Kó má dúró de ìgbà tí ọwọ́ á dẹ̀ tàbí ìgbà tí ìrìn-àjò á rọrùn. À ń tan ara wa pé à ń ríra lórí fóònù. Fóònù kì í ṣe ojú. Ẹni tí kò bá wá lè lọ, bíi tèmi, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan fún un. Mo wá a títí, mi ò rí i.

Ohun tí mò ń ṣe ni pé mò ń pe ìyá mi lójoojúmọ́ báyìí. Tí wọ́n bá ti gbé e, mo máa ń dákẹ́ ná. Mo máa ń dúró kí wọ́n pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, oríkì mi, kí n tó sọ̀rọ̀. Lánàá, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pè é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i nísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òbí tí iyè rẹ̀ ti ń ra, tẹ́ ẹ sì jìnnà, báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì wà tí ìyá rẹ̀ ti jókòó níwájú rẹ̀ rí, tó ń bi í pé ìgbà wo ni ọmọ òun ń bọ̀, ẹ sọ fún mi: kí lẹ dá wọn lóhùn?